Wọ́n ní pulọ́ọ̀tì kan ni, àmọ́ ilẹ̀ náà wọ́: báwo la ṣe ń mọ iye tó wà nínú ẹ̀?

Ìyá Ìbejì Ìjọ̀kà
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kíá. Mo ń ra ilẹ̀ kan níwájú Ìjọ̀kà níbí ní Àkúrẹ́, ẹni tó ń tà á ní pulọ́ọ̀tì kan gbáko ni, 50 nínú 100, mílíọ̀nù méjì àbọ̀ la jọ sọ, mo ti san ìdajì ó ku ìdajì. Àná lèmi àtàwọn ọmọ mú téèpù lọ síbẹ̀, a wọ̀n ọ́n yíká. Iwájú tó kọjú sí títì jẹ́ fíìtì 50 lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún 104, ẹ̀yìn 40 péré, ẹ̀gbẹ́ òsì 100. Tẹ́ ẹ bá dúró níwájú ẹ̀ ẹ máa rí i pé ṣe ló wọ́ lọ sápá ọ̀tún bíi pé ẹnì kan tì í. Ẹni tó ń tà á ní kò sí wàhálà, pé 104 tó wà lọ́tùn-ún ti dí 40 tó wà lẹ́yìn. Ọkàn mi ò gbà á. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS 2 ní òòró táìmù ìbú ni wọ́n kọ́ àwọn, àmọ́ òun ò mọ èwo ni kóun mú ṣe òòró èwo ni kóun mú ṣe ìbú nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀ síra. Báwo ni mo ṣe máa mọ iye ilẹ̀ tí mò ń rà gan-an?

Bíríkìlà Ọ̀bà-Ilé
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bá a ṣe máa ń ṣe é ní sáìtì nìyí: ẹ pa iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, 50 àti 40, ẹ pín in sí méjì, ó di 45. Ẹ pa ọ̀tún àti òsì pọ̀, 104 àti 100, ẹ pín in sí méjì, ó di 102. 45 táìmù 102 jẹ́ 4,590. Pulọ́ọ̀tì 50 nínú 100 jẹ́ 5,000, so ó fi 410 sikúẹ́à fíìtì dín. Ẹ bá a sọ ọ́, kó yọ owó díẹ̀ kúrò.

Tíṣà Máàsì Oǹdó
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi Bíríkìlà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ fi sọ eléyìí torí owó ńlá ló wà nínú ẹ̀: ẹ má fi ọ̀nà yẹn ra ilẹ̀ tó wọ́. Ìyá Ìbejì, ẹ wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, ẹ fi ìṣó kan kan mú wọn pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó dà bíi férémù fèrèsé. Ẹ wá rọra tì í lápá kan. Ó máa wọ́. Ẹ tún tì í, á tún wọ́ sí i, títí táwọn igi náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra tí ọwọ́ yín ò ní lè wọ àárín ẹ̀ mọ́. Igi ò dín o, ìkankan ò kúrú, síbẹ̀ àyè tó wà nínú ẹ̀ ti lọ. Ohun tó ń ṣe ilẹ̀ yín nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ wọ̀n ò lè sọ iye tó wà nínú ilẹ̀ fún yín, bó ti wù kí téèpù yín péye tó.

Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n wa sọ yẹn, ó ti pẹ́ láyé, àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ lò ó, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tẹ́ḿpìlì tó wà ní Edfu, irú ẹ̀ náà ni wọ́n fi ṣírò ilẹ̀ oko níbẹ̀. Ìgbà tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúró ṣánṣán nìkan ló máa ń bọ́ sí i. Tí igun bá ti wọ́, àpọ̀jù ló máa fún yín, kò sígbà tó máa fún yín ní àbùkù. Ẹni tó ń tà nìyẹn máa ń gbè nígbà gbogbo, kò gbe ẹni tó ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: ẹ pa dà lọ síbẹ̀, ẹ fa okùn láti igun iwájú òsì lọ sí igun ẹ̀yìn ọ̀tún, kó le dáadáa, ẹ wọn okùn náà. Lẹ́yìn náà ẹ tún fa èyí tó kù, iwájú ọ̀tún sí ẹ̀yìn òsì. Ẹ mú nọ́ńbà méjèèjì wá síbí.

Bíríkìlà Ọ̀bà-Ilé
Tíṣà, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ. Ṣebí tá a bá fẹ́ gbẹ́ fáúndéṣàn náà, okùn igun sí igun la fi ń mọ̀ bóyá ilé dúró, tí méjèèjì ò bá bára mu a ò ní gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà la sì ń fi 3, 4, 5 mú igun: wọn 3 sápá kan, 4 sápá kejì, tí àárín wọn bá jẹ́ 5, igun yẹn dúró. Mi ò ronú pé ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú iye ilẹ̀. Ìyá Ìbejì ẹ tẹ̀ lé ti Tíṣà, ẹ fi tèmi sílẹ̀.

Onítáìsì Alágbàká
Kí Ìyá Ìbejì tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń da àwọn oníbàárà mi láàmù jù, torí ọmọ tó wà ní JSS 2 yẹn náà máa lò ó. Fíìtì mẹ́wàá àti íǹṣì 6 kì í ṣe 10.6, 10.5 ni, torí íǹṣì 12 ló wà nínú fíìtì kan. Tẹ́ ẹ bá tẹ 10.6 sínú kàlìkúlétọ̀, ẹ ti ba ìṣirò jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ìkejì, mítà kan jẹ́ fíìtì 3.28, àmọ́ sikúẹ́à mítà kan kì í ṣe sikúẹ́à fíìtì 3.28, 3.28 táìmù 3.28 ni, ìyẹn 10.76. Mo ti rí ẹni tó ra táìsì yàrá kan tó sì kù tó kún gáráàjì nítorí èyí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ká ní yàrá jẹ́ fíìtì 12 nínú 14. 168 sikúẹ́à fíìtì nìyẹn, ẹ pín in sí 10.76, ó di bíi 15.6 sikúẹ́à mítà. Táìsì sẹ̀ǹtímítà 60 nínú 60, ẹyọ kan gba 0.36 sikúẹ́à mítà, tí mẹ́rin bá wà nínú páálí kan páálí náà gba 1.44. 15.6 pín sí 1.44, ó lé díẹ̀ ní 10 àti àbọ̀, ẹ ra 12, torí èyí tá a máa gé sétí ògiri àti èyí tó máa fọ́. Pálọ̀ tó bá ní kọ̀rọ̀ tó yọ síta bíi lẹ́tà L, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan kó di onígun mẹ́rin méjì, ẹ ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ pa wọ́n pọ̀. Àwọn kan máa ń mú ibi tó gùn jù táìmù ibi tó fẹ̀ jù, àyè tí kò sí nínú ilé ni wọ́n ń ra táìsì fún yẹn.

Ìyá Ìbejì Ìjọ̀kà
Ẹ kú àdúrótì mi o, mo ti dé láti ilẹ̀. Òjò ló dá wa dúró. Okùn àkọ́kọ́, iwájú òsì sí ẹ̀yìn ọ̀tún, fíìtì 126. Èkejì, iwájú ọ̀tún sí ẹ̀yìn òsì, fíìtì 94 àti íǹṣì 2. Àyà mi já nígbà tí mo rí bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó.

Tíṣà Máàsì Oǹdó
Ó yẹ kó já, fíìtì 32 ni wọ́n fi jura wọn lọ, pulọ́ọ̀tì tó bá dúró, méjèèjì á dọ́gba ni, fún 50 nínú 100 méjèèjì á wà níbi 111 àti íǹṣì díẹ̀.

Ó dáa. Okùn 126 yẹn ti gé ilẹ̀ yín sí onígun mẹ́ta méjì. Onígun mẹ́ta tá a bá mọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ̀ kò lè wọ́ mọ́, tẹ́ ẹ bá fi igi mẹ́ta ṣe tìẹ tẹ́ ẹ tì í kò ní mì, ìdí nìyẹn tá a fi lè mọ inú ẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fi orúkọ Heron ará Alẹkisáńdíríà pè la máa lò, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn nìyẹn, a ṣì ń kọ́ ọ níléèwé dòní. Ẹ pa ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ pín in sí méjì. Ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ìdajì náà. Ẹ wá fi ìdajì náà táìmù ìyókù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ tẹ sikúẹ́à rúùtù.

Èyí tó wà lọ́tùn-ún: 50, 104, 126. Àpapọ̀ 280, ìdajì 140. Yọ 50, ó ku 90. Yọ 104, ó ku 36. Yọ 126, ó ku 14. 140 táìmù 90 táìmù 36 táìmù 14, ó di 6,350,400. Sikúẹ́à rúùtù ẹ̀ jẹ́ 2,520 gééré.

Èyí tó wà lósì: 40, 100, 126. Àpapọ̀ 266, ìdajì 133. Ó ku 93, 33 àti 7. Táìmù gbogbo ẹ̀, 2,857,239, rúùtù ẹ̀ jẹ́ 1,690 àti díẹ̀.

Ẹ pa méjèèjì pọ̀: 4,210 sikúẹ́à fíìtì. Mo tún fi okùn kejì, 94 àti íǹṣì 2, ṣe é lọ́tọ̀, 4,210 náà ló tún gbé jáde, ìyẹn jẹ́ kó dá mi lójú pé ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa. 790 ni ilẹ̀ yín fi dín ní 5,000. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ lé ọ̀nà àkọ́kọ́, 410 lẹ máa rò.

Sikúẹ́à fíìtì kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí 500 náírà lórí mílíọ̀nù méjì àbọ̀ fún 5,000. 790 tí kò sí yẹn, ₦395,000 ni.

Ọmọ Sọ̀fíyọ̀ FUTA
Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà kan kún un fún ẹni tí kò fẹ́ràn rúùtù, torí kì í ṣe gbogbo fóònù ló ń fi hàn kedere. Ẹ fi okùn 126 yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Láti igun iwájú ọ̀tún, ẹ wọ̀n ọ́n wá síbi okùn, ọ̀nà tó kúrú jù ni kẹ́ ẹ mú o, kó gún okùn náà ṣánṣán. Fún nọ́ńbà tẹ́ ẹ mú wá yìí ó máa jẹ́ 40 fíìtì. Láti igun ẹ̀yìn òsì náà, ó máa jẹ́ nǹkan bíi 26 àti íǹṣì 10. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ó lé díẹ̀ ní 66.8. Ìdajì 126 jẹ́ 63. 63 táìmù 66.83, ẹ wò ó, 4,210 náà ni.

Mà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé pulọ́ọ̀tì kì í ṣe ìwọ̀n tó dúró sójú kan. Ibì kan 50 nínú 100 ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ibòmíì 60 nínú 120. Àkọ́kọ́ jẹ́ 464.5 sikúẹ́à mítà, èkejì 668.9, wọ́n jìnnà síra gan-an, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà sínú ìwé ìsanwó yín, ẹ má gba "pulọ́ọ̀tì kan" lásán. Tiyín yìí jẹ́ bíi 391 sikúẹ́à mítà. Tí sọ̀fíyọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí bá wá ya pílánù, sikúẹ́à mítà lẹ máa rí níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà bíkìnnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn òpó kékeré tí wọ́n ń rì mọ́ igun ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Surveyor-General ìpínlẹ̀. Okùn tẹ́ ẹ fà wà fún kí wọ́n má bàa rẹ́ yín jẹ kó tó dọ́jọ́ yẹn, kò gba ipò sọ̀fíyọ̀.

Olóko Kòkó Ìdànrè
Ẹ ṣeun ọmọ mi, wàá yege. Èmi rò pé fóònù tó ń ya máàpù lè ṣe gbogbo èyí. Mo fi rìn yíká oko mi.

Ọmọ Sọ̀fíyọ̀ FUTA
Bàbá, ẹ kú oko. Fún oko ó dáa, fún pulọ́ọ̀tì ilé kò dáa. Fóònù lè ṣì í tó mítà márùn-ún lójúbọ̀rọ̀, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ igi. Lórí oko éékà mẹ́wàá kò ní hàn, àmọ́ iwájú ilẹ̀ Ìyá Ìbejì ò ju mítà 15 lọ, tẹ́ ẹ bá fi márùn-ún ṣì níbẹ̀, kí ló kù?

Olóko Kòkó Ìdànrè
Ó yé mi. Èmi náà á sọ tèmi torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ra oko lọ́dọ̀ wa. Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 sikúẹ́à mítà, 100 nínú 100. A máa ń gbin kòkó ní mítà 3 sí mítà 3, igi kan gba 9 sikúẹ́à mítà, ẹ pín 10,000 sí 9, igi 1,111 nìyẹn. Tí wọ́n bá ní hẹ́kítà kan ni oko tí wọ́n fẹ́ tà, ẹ ka igi, tí ẹ bá rí igi 700 tó sì gbìn dáadáa láìsí àlàfo, kì í ṣe hẹ́kítà kan. Éékà ní tiẹ̀ jẹ́ 43,560 sikúẹ́à fíìtì, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń ní pulọ́ọ̀tì mẹ́fà ló ń ṣe éékà kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ 60 nínú 120, torí mẹ́fà ẹ̀ jẹ́ 43,200. Tó bá jẹ́ 50 nínú 100 ni wọ́n ń tà fún yín, mẹ́fà ẹ̀ jẹ́ 30,000 péré, ó kù díẹ̀ kó di mẹ́sàn-án kó tó pé éékà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ tún wo ti òkè. Ìdànrè níbí gbogbo ilẹ̀ ló dagun. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí téèpù sùn sára òkè bó ṣe ń gòkè, nọ́ńbà tó máa gbé jáde máa pọ̀ ju ti pílánù lọ. Ẹ di téèpù mú kó lọ gbọọrọ ní títẹ́jú, ẹ máa wọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ bí àtẹ̀gùn.

Oníkéèkì Yaba Oǹdó
Ilẹ̀ lẹ̀ ń sọ, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ kí n sọ ti róbótó torí kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án. Oníbàárà máa ń sọ fún mi pé "íǹṣì 6 tẹ́ ẹ ṣe fún mi lọ́jọ́sí, ẹ ṣe 12 fún mi, mà á san ìlọ́po méjì." Kì í ṣe ìlọ́po méjì o. Fún nǹkan róbótó, ẹ mú ìdajì ìbú ẹ̀, ẹ fi táìmù ara ẹ̀, ẹ wá fi táìmù 3.14. Ti íǹṣì 6: 3 táìmù 3 jẹ́ 9, ó di 28. Ti íǹṣì 12: 6 táìmù 6 jẹ́ 36, ó di 113. Ìlọ́po mẹ́rin ni, bọ́tà, ẹyin, fúláwà, gbogbo ẹ̀ lọ́nà mẹ́rin, tí gíga wọn bá jọra. Páànù onígun mẹ́rin íǹṣì 8 jẹ́ 64, róbótó íǹṣì 8 jẹ́ 50 péré, so tí ohun tẹ́ ẹ pò bá jẹ́ ti onígun mẹ́rin 8, róbótó 9 ló máa gbà á, torí òun jẹ́ 63 àti àbọ̀. Kí n tó mọ èyí, kéèkì mi máa ń kún dànù sínú ofúùnù, ó dùn mí gan-an nígbà yẹn torí owó oníbàárà ni.

Bíríkìlà Ọ̀bà-Ilé
Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tá a bá ń ṣe ìdérí kànga róbótó. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló máa ń mú gbogbo ìbú ẹ̀ dípò ìdajì, wọ́n á wá po kọnkéré ìlọ́po mẹ́rin.

Tíṣà Máàsì Oǹdó
Ìyá Ìbejì, fún ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kó kọ́ àwọn ìlànà yìí sórí lásán. Ẹ fún un ní ìwé kan, kó gé e láti igun dé igun, á rí onígun mẹ́ta méjì tó bára mu, ìdí tá a fi ń pín òòró táìmù ìbú sí méjì fún onígun mẹ́ta nìyẹn. Fún róbótó, kó gé bébà róbótó sí wẹ́wẹ́ bí ọsàn tá a là, bíi 16, kó tò wọ́n, ọ̀kan kọjú sókè ọ̀kan kọjú sísàlẹ̀, á rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di onígun mẹ́rin, òòró ẹ̀ jẹ́ ìdajì àyíká, ìbú ẹ̀ jẹ́ láti àárín dé etí. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ gé e, tó bá gbàgbé nínú ìdánwò á lè tún un wá.

Kó tún ṣe èyí: okùn 300 fíìtì kan. Kó fi yí 50 nínú 100 ká, 5,000. Kó fi yí 75 nínú 75 ká, 5,625. Kó fi yí 30 nínú 120 ká, 3,600. Okùn kan náà. Tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ wo bí fẹ́ǹsì ṣe gùn tó, kò tíì sọ iye ilẹ̀ fún yín.

Ìyá Ìbejì Ìjọ̀kà
Ẹ̀yin ará mi, mo ti dé. Lánàá ni bàbá tó ń tà á wá fúnra wọn, wọ́n mú téèpù tiwọn dání, mo ní ká jọ fa okùn. 126 náà ni. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé bí Tíṣà ṣe ṣe é, ọmọ mi ló tẹ kàlìkúlétọ̀ lójú wọn, ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní àwọn náà ò mọ̀, pé bí wọ́n ṣe pín in fáwọn nìyẹn. Mo gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n ò gbà láti yọ 395,000 tán torí wọ́n ní ibi tó bọ́ sí títì la sanwó fún, a wá parí ẹ̀ sí ₦2,150,000, so 900,000 ló kù mí kù dípò 1,250,000. Wọ́n kọ 4,210 sikúẹ́à fíìtì sínú ìwé, wọ́n fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Sọ̀fíyọ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọlọ́run á san gbogbo yín lẹ́san, pàápàá Tíṣà, ẹ ò mọ̀ mí rí.

Ọmọ Ìsinkàn
Ẹ kú oríire mà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, tèmi ní igun márùn-ún, odò gé ẹ̀yìn ẹ̀ kan. Okùn mélòó ni kí n fà?

Tíṣà Máàsì Oǹdó
Méjì. Dúró ní igun kan, fa okùn lọ sí igun méjì tí kò kàn án tààrà, ilẹ̀ náà máa pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ onígun mẹ́ta. Tí etí odò bá wọ́ kọrọkọrọ, fa ìlà kan tó gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó o fi ìyẹn ṣe ẹ̀gbẹ́, kó o wá béèrè lọ́wọ́ sọ̀fíyọ̀ iye tó yẹ kó o fi jìnnà sí omi kó o tó kọ́lé.

Ọmọ Ìsinkàn
Ẹ ṣé sà. Sátidé ni mà á lọ fà á, mà á kó gbogbo nọ́ńbà méjèèje wá síbí.